Ọjọ́ Tí Ògiri Ilé Ìdáná Wó

Ọ̀sán gangan ni ògiri náà wó, lọ́jọ́ Sátidé kan. Màmá Télọ̀ dúró nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń kọrin ìjọ sókè bó ṣe máa ń ṣe. Ló bá gbọ́ tí nǹkan ń dún níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí eku bá ń họ páálí. Ó gbójú sókè. Ògiri ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kó tó pariwo, ibi tó là náà ti yanu. Ó fò sẹ́yìn, ògiri sì ya wálẹ̀ gbìì, ó bo sítóòfù, ó bo ìkòkò, ó bo àlùbọ́sà mọ́lẹ̀.

Eruku gba gbogbo ilé. Màmá Télọ̀ fẹ̀yìn ti fìríìjì, ó ń wúkọ́, ó ń fọwọ́ pa ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bóyá nǹkan ti ṣẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣẹ́. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògiri yẹn nìkan ló pín ilé ìdáná wọn níyà sí ti ilé kejì, ilé Káfíńtà àti ìyá rẹ̀ arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Àgbà. Ó ti pẹ́ tí páìpù omi ti ń jò sínú rẹ̀, tí ọkọ Màmá Télọ̀ ń kọ lẹ́tà sí onílé, tí onílé ń sọ pé òun ń bọ̀. Ọdún méje ni ìdílé méjèèjì ti ń gbé ẹ̀yìn ara wọn. Mùsùlùmí ni Káfíńtà àti ìyá rẹ̀. Kristẹni ni Màmá Télọ̀ àti ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá Tísà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tó sì jẹ́ alàgbà ìjọ. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn mọ. Wọn ò jà rí. Wọn ò sì wọ ilé ara wọn rí.

Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Màmá Télọ̀ kọ́kọ́ rí etí tábìlì kan, lẹ́yìn náà ó rí àwo ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ló rí Káfíńtà, ó dìde dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Màmá Àgbà jókòó sí tirẹ̀ bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni ògiri ń wó níwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ híjáàbù gbá ọmọ kékeré kan mọ́ àyà. Ọkùnrin tó jókòó tì í, tí ṣíbí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun bíi ti bàbá àgbà, ọmọ bíbí inú Màmá Télọ̀ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti rí i kẹ́yìn.

Iṣẹ́ iná mànàmáná lọmọ yìí ń ṣe. Lọ́jọ́ tó wá sọ nílé pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, pé tísà ìṣirò ni, pé Mùsùlùmí ni, bàbá rẹ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn kò ní fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé yìí láyé. Tó o bá fẹ́ ẹ, kí ìwọ náà má fẹsẹ̀ kàn án mọ́." Ọmọ náà gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ẹnì kan sọ pé ó ti kúrò nílùú. Láti ìgbà náà, bí Màmá Télọ̀ bá ń sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn oníbàárà á máa bá a dárò pé fífi òwú bọ abẹ́rẹ́ ti ba ojú rẹ̀ jẹ́.

"Mọ́mì," ọmọ náà sọ. Ṣíbí jábọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Màmá Télọ̀ béèrè. Ohùn náà ò jọ tirẹ̀.

"Èmi ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni! Mo ní, ta nìyẹn?" Ó nawọ́. Ọ̀bẹ ló sì wà lọ́wọ́ tó nà.

Ọmọ náà wo ibi tó ń nawọ́ sí. "Ọmọ mi ni, mà. Ọmọọmọ yín ni. Ó máa pé ọdún méjì lóṣù tó ń bọ̀."

Ọmọdébìnrin náà, tí kò ké nígbà tí ògiri wó, rí ọ̀bẹ, ó sì figbe ta.

"Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, Télọ̀," Màmá Àgbà sọ. "Odindi ògiri wó, ọmọ ò sọ̀rọ̀. Ìwọ lo wá pa á lẹ́kún."

Màmá Télọ̀ ò mọ bó ṣe gun òkìtì bíríkì kọjá. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dé ọ̀hún. Káfíńtà fa àga fún un, ó jókòó, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo fọ́tò. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Irùngbọ̀n ti hù níbẹ̀, kò sì sí irùngbọ̀n níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

"Ẹ̀yin!" Ó kọjú sí Káfíńtà. "Mo ń kí yín láràárọ̀! Ẹ mọ̀ pé mò ń wá ọmọ mi, ẹ fi í pamọ́ fún mi lẹ́yìn ògiri!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù…"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ," ọmọ rẹ̀ sọ. "Ẹ má bá wọn wí, mà. Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo wá dúró sí òdìkejì títì, kí n lè rí yín gba ojú fèrèsé. Mo dúró títí oòrùn fi fẹ́ pa mí. Ìwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo dúró sí. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wò. Mi ò lè dáhùn. Wọ́n gbé àpótí fún mi kí n jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo Sátidé, tí Dádì bá ti lọ sípàdé àwọn alàgbà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń wá. Ibi tí mo jókòó sí yìí, ẹ̀yìn ibi tẹ́ ẹ ti ń gé ata ni. Mo máa ń gbọ́ orin yín."

Màmá Télọ̀ rántí pé òun máa ń gbọ́ ẹkún ọmọdé látọ̀hún nígbà mìíràn. Ó ti rò pé ọmọ ẹbí Káfíńtà kan ni. Ó ti rojọ́ ariwo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá.

"Ògiri lásán ló wà láàárín wa," ó sọ. "Dádì rẹ ò sí nílé. Kí ló dé tí o ò kànkùn?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Torí mo bínú sí ẹ̀yin náà. Lọ́jọ́ tí Dádì sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ wà níbẹ̀, mà. Ẹ ń ran bọ́tìnnì. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà á ju bí ògiri ì bá ṣe bà á lọ. Òótọ́ ni. Bọ́tìnnì ló ń ràn lọ́jọ́ náà, ó sì ràn án tán.

"Èmi gbìyànjú láti sọ fún ọ, ní tèmi," Màmá Àgbà sọ, ó ń gbọn eruku kúrò lórí ìborùn rẹ̀. "Ọmọ yìí ní n má fẹnu sọ, mo wá ń fi àwo sọ. Àwo oúnjẹ mélòó ni mo ti gbé wá bá ọ?"

Màmá Télọ̀ mọ àwo náà. Àwo funfun tó ní ìlà búlúù létí, tí wọ́n fi àwo mìíràn dé. Nírọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń dé. Nígbà àkọ́kọ́ ó ní àwọn ti jẹun. Nígbà kejì ó ní ààwẹ̀ ni àwọn wà. Nígbà kẹta ó ní dókítà ò gbà fún ọkọ òun. Nígbà tó yá, arúgbó náà ò kànkùn mọ́, á kàn gbé e síwájú ilẹ̀kùn, á lọ. Kì í ṣe pé Màmá Télọ̀ ń fura sí wọn. Wọ́n ti sọ fún un nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ pé àdúrà tí wọ́n bá gbà sórí oúnjẹ yẹn kì í ṣe àdúrà tiwa, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Yóò da oúnjẹ náà fún ajá ilé iwájú, yóò fọ àwo, yóò dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́.

"Ta ló ń se oúnjẹ yẹn?" ó béèrè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń tutù kí wọ́n tó dá a lóhùn.

"Èmi ni, mà," ọ̀dọ́bìnrin náà sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó sọ̀rọ̀. "Mo máa ń bi Màmá Àgbà bóyá ẹ jẹ ẹ́. Wọ́n á ní ẹ fọ àwo náà dáadáa."

Màmá Télọ̀ na ọwọ́, ó fa àwo ìrẹsì tó wà níwájú ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀, ó gbé ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Mọ́mì! Iyanrìn wà nínú ẹ̀!"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

Iyanrìn ń dún léyín rẹ̀, omijé ń já sínú ọbẹ̀ ẹja, ó ń jẹ. Ọ̀dọ́bìnrin náà dìde, ó gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ó lọ bu omi wá.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn nígbà tí géètì dún.

Ọ̀gá Tísà wọlé, Bíbélì lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo òkìtì bíríkì. Ó wo ìyàwó rẹ̀ ní òdìkejì, tó jókòó sílé ẹlòmíràn, tó gbé ọmọ tí òun ò mọ̀ sẹ́sẹ̀. Ó wo obìnrin tó wọ híjáàbù. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà sì wò ó.

"Lẹ́tà mẹ́fà ni mo kọ sí onílé lórí ògiri yìí," ó sọ. Ó yí padà, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi jẹ oúnjẹ gbígbóná. Sítóòfù ilé rẹ̀ ti fọ́, ìdí sítóòfù Káfíńtà ni Màmá Télọ̀ ń dáná sí báyìí, Ọ̀gá Tísà sì ní òun ò ní jẹ ohun tó bá tibẹ̀ wá. Búrẹ́dì àti omi tútù ló ń jẹ nínú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ò bẹ̀ ẹ́. Ó ti bẹ̀ ẹ́ tó láti ọdún mọ́kàndínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ra.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ní ìdájí, Màmá Télọ̀ jí, kò bá ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Kò bà á lẹ́rù, torí ọkùnrin náà máa ń ṣáájú rẹ̀ jí, á lọ dá jókòó sí ilé ìdáná, á mu tíì. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ó yọ́ rìn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Tísà jókòó sórí àga láàárín bíríkì, kò sí ife lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Àgbà ti fi ọ̀pá tẹlẹ̀ gba ojú ihò kọjá, ó ti jókòó sórí páálí aṣọ àwọn oníbàárà, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò gbàdúrà mọ́?" ni arúgbó náà ń bi í.

"Àdúrà wo, Màmá?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ń gbà níbí. Tí mo bá kírun àsùbáà tán, ẹ̀yìn ògiri yìí ni mo máa ń jókòó sí kí orúnkún mi lè sinmi. Ẹ̀yin náà á sì bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ògiri ti wó, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Ọ̀gá Tísà gbójú sókè. "Ẹ máa ń gbọ́?"

"Ògiri tí omi ti jẹ tán? Mo máa ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fa tíì."

"Kí… kí lẹ gbọ́, Màmá?"

"'Olúwa, bá mi wo ọmọ mi. Mi ò mọ ibi tó wà. Bí ebi bá ń pa á lónìí, rán ẹnì kan sí i.' Ọ̀rọ̀ kan náà, láràárọ̀. Èmi á ní àmín. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, mo ní kí Káfíńtà tètè gbé oúnjẹ fún un. Àbí kí ni kí n ṣe? Kí n máa ṣe àmín láàárọ̀, kí n wá lé e lọ lọ́sàn-án? Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ń gbàdúrà fún un. Ó ní bàbá òun kọ́, pé mo ṣì í gbọ́ ni."

Ọ̀gá Tísà bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kò nù ún. Ó kàn mú un dání.

"Ọlọ́run ti dá yín lóhùn tipẹ́, Ọ̀gá," Màmá Àgbà sọ. "Ilé wa ló gbà dáhùn. Ẹ̀yin lẹ ò wá gba èsì."

Màmá Télọ̀ fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta! Ó ti rò pé òun nìkan ló ń sunkún nínú ilé yẹn. Orúkọ ọmọ náà ò jáde lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí lójú rẹ̀. Ó wá ń gbọ́ ohùn kan báyìí tí kò gbọ́ rí: Ọ̀gá Tísà ń sunkún, ó ń sunkún bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n gbàgbé sílé-ìwé.

Ọmọ wọn àti ìyàwó rẹ̀ padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Tísà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ lọ sípàdé, kò sì lọ sípàdé. Ó gba ojú ihò kọjá, ó dúró síwájú tábìlì Káfíńtà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé yín. Mi ò fẹsẹ̀ kàn án o. Ògiri yín ló wó."

Káfíńtà húkọ́, ó wo àjà. Màmá Télọ̀ mọ bí ọkọ òun ṣe rí. Ọkùnrin yìí ò gbà rí pé òun jẹ̀bi, kódà níwájú àwọn tó ń wá bẹ ilé-ìwé wò.

"Òótọ́ lo sọ," Ọ̀gá Tísà sọ. "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Mo jẹ̀bi."

Ọmọkùnrin rẹ̀ fa àga kan sún mọ́ tábìlì.

"Mo gbọ́, sà," ọ̀dọ́bìnrin náà dáhùn. "Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti tán nínú mi. Kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, oúnjẹ ń tutù."

Ó jókòó. Màmá Àgbà ní kó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kó má ṣe é gùn. Ọ̀gá Tísà di ojú. "Bàbá, o ṣeun," ó sọ. "Àmín," ni gbogbo tábìlì dáhùn. Káfíńtà ṣe bísímílà tirẹ̀, wọ́n gbé ṣíbí.

Kì í ṣe pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan o. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ Jésù tí Káfíńtà ń pè ní Ànábì Ísà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òun àti Ọ̀gá Tísà títí ọbẹ̀ fi dì. Màmá Àgbà béèrè ìdí tí àwọn alàgbà fi máa ń pariwo mọ́ Ọlọ́run, ṣé etí Ọlọ́run di ni. Ọ̀gá Tísà béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ tí kò dọ̀tí. Wọ́n dá a lóhùn, ó gbọ́, ó ní ó yé òun. Màmá Télọ̀ kọ́ láti béèrè ẹni tó pa ẹran kó tó rà á wá sí tábìlì. Nígbà tí onílé dé níkẹyìn, tí bíríkìlà mọ ògiri tuntun, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà bọ̀ sọ́dọ̀ ara wọn bíi gbogbo ayé, Sátidé kan níhìn-ín, Sátidé kan lọ́hùn-ún.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí Ọ̀gá Tísà tó bi ìyàwó ọmọ rẹ̀ nípa bàbá tirẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní bàbá òun ń tún táyà ṣe ní òpin ìlú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ Kristẹni, kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, kò rí ọmọ òun rí. Ọ̀gá Tísà bu ọbẹ̀ kún ìrẹsì rẹ̀.

Láti ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, á ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi na ẹsẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, ilé Màmá Télọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀gá Tísà nìkan ni kò tíì dé. Wọ́n dúró dè é títí, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Tísà wọlé, eruku wà lára sòkòtò rẹ̀, ọkùnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin ńlá kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún rọ́bà táyà, tó di fìlà rẹ̀ mú níwájú ikùn bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ló mú ìgbakọ dání. Ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ta sí aṣọ tábìlì.

"Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ò ṣí géètì fún mi," Ọ̀gá Tísà sọ, bí ẹni tó ń ka ìròyìn fún ìpàdé. "Ìgbà kejì, wọ́n ní kí n máa lọ. Ìgbà kẹta, àná nìyẹn, wọ́n fún mi lómi mu. Mo wá sọ ohun tí mo pàdánù lọ́dún mẹ́ta fún wọn. Mo kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe náà wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọmọdébìnrin tó jókòó lórí tìmùtìmù mẹ́ta kó lè ga tó tábìlì, tí ìrẹsì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ṣé oúnjẹ ṣì kù?" ó béèrè.

Ọmọ rẹ̀ ò lè mira. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ká bí ẹni tó mú ìgbakọ. "Ó kù, bàbá," ó sọ. "Ó kù."

Màmá Télọ̀ dìde, ó lọ mú àwo.